Màámi, Ọkọ̀ Tí A Gbé Jáde Nínú Òkun Kì í Ṣe Ti Ṣẹ́gun

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìsùn nítorí wa. Èmi Gbénga ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí rọ́ọ̀gì pálọ̀ mi ní Fort Washington, ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tí yìnyín ti bo kòtò àti gegele mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí mo mọ̀ pé wọ́n ti ń ní kí ẹ kà á sókè kí àwọn náà gbọ́. Mo kí Bọ́lá, ìyàwó àbúrò mi. Mo kí Tómi ọmọ wọn, tó ti fẹ́ ga jù mí lọ nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, títí kan àwọn tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa láti ojú fèrèsé.

Ẹ ó ti rí i pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí gbà dé ọ̀dọ̀ yín, kì í ṣe orí fóònù. Ẹ má bínú. Ojú gbogbo ẹbí lẹ ti bi mí ní ìbéèrè, ojú gbogbo ayé ló yẹ kí n ti dáhùn. Ó sì dá mi lójú pé ilé tiwa nìkan kọ́ ni ẹnìkan ti lọ sójú òkun tí kò padà, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá gbọ́ ohùn yín lórí fóònù, ọ̀rọ̀ a máa tán lẹ́nu mi.

Fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí àwòrán ọkọ̀ ogun abẹ́ omi tí ilé-iṣẹ́ wa bá orílẹ̀-èdè kan gbé jáde nínú òkun ń kiri orí fóònù, gbogbo ẹbí péjọ sí pálọ̀ Màámi, wọ́n fi fídíò pè mí kí wọ́n lè bá mi yọ̀. Bàbá Àgbà súre fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin wá gba fóònù lọ́wọ́ wọn, Màámi, ẹ wò mí títí, ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti bá àwọn òyìnbó gbé tiwọn jáde, ìgbà wo ló máa kan Ṣẹ́gun àbúrò mi. Mi ò fèsì. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ là á mọ́ yín lójú níwájú gbogbo wọn, ẹ sì mú ìdákẹ́jẹ́ mi bí ìlérí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ pé ẹ ti fọ aṣọ Ṣẹ́gun, ẹ ti kun yàrá rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun. Mo gbọ́ pé ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ Bọ́lá rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ sì dá wọn padà láti ẹnu ọ̀nà, ẹ ní ọkọ rẹ̀ ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ lọ gbé e. Màámi, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tí Ṣẹ́gun ń bá ṣiṣẹ́ fún àwọn elépo rọ̀bì dojú dé lójú òkun, Tómi kò tíì mọ ìwé kà. Ní báyìí, ó ti ń múra ìdánwò àṣejáde. Ìyá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin nígbà náà, ó ti ń hu ewú báyìí. Ọ̀rọ̀ Bọ́lá ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi, nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe. Ẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ yín ń wọ ìsàlẹ̀ òkun. Màámi, omi kì í kàn mí lẹ́sẹ̀ rárá. Ilé pẹlẹbẹ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí Landover, tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Yàrá tí mo ń jókòó sí kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ kan ló wà nísàlẹ̀ òkun, ó tóbi tó màlúù, ó ní iná lójú, ó sì ní apá méjì. Okùn gígùn so ó mọ́ ọkọ̀ ojú omi tó dúró lókè rẹ̀, ọkọ̀ náà ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa láti òkèèrè. Ohun tí ẹ̀rọ bá rí lèmi náà ń rí, bí mo bá ṣe fi ọwọ́ mi ṣe níbí ni apá rẹ̀ ń ṣe lọ́hùn-ún. Èmi ni mo ń darí ìrìn rẹ̀ àti apá ọ̀tún. Terrence, ọmọkùnrin kan láti ìlú Glenarden tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn, ló ń darí apá òsì àti kámẹ́rà. Bí a bá parí iṣẹ́ òòjọ́, mo ṣílẹ̀kùn, bí mo ṣe ń ti ìsàlẹ̀ òkun bọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni n óò bọ́ sí, n óò máa ha yìnyín kúrò lára gíláàsì mọ́tò.

Orílẹ̀-èdè tó ni ọkọ̀ tí a gbé jáde kò fẹ́ kí a máa dárúkọ òun kiri, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ omi ni, ó gùn ju òpópónà ilé wa lọ. Kì í mu epo dísẹ́ẹ̀lì. Agbára núkílíà ló ń gbé e rìn, irú agbára tó wà nínú bọ́ǹbù tó ń run odidi ìlú. Wọ́n sé e mọ́ inú ìkòkò irin tó nípọn. Iná ṣẹ́ yọ níwájú ọkọ̀ náà, nǹkan bú gbàù, ó sì rì tòun tàwọn ọmọ ogun inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nítorí òkú ni wọ́n ṣe náwó gọbọi láti gbé e. Nítorí ìkòkò irin yẹn ni. Bó bá jò, májèlé ló máa tú sínú omi, ẹja á gbé e, èèyàn á jẹ ẹja. Iṣẹ́ wa àkọ́kọ́ ni kí a yẹ omi wò yí i ká bóyá ó ti ń jò. Kò jò. Mo dúpẹ́ ju gbogbo wọn lọ, torí owó ẹja lẹ fi rán wa níwèé.

Lẹ́yìn náà ni a fi omi tó ń tú jáde tagbára-tagbára fẹ́ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, a lu ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀, a sì fi okùn irin tó nípọn bí itan àgbàlagbà kọ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ooru ń mú nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, gbogbo ewé igi ti wọ́ dànù kí a tó lu ihò tán.

Ẹ máa ń bèèrè bóyá ara mi yá. Ara mi yá, Màámi. Ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ni mi ò ní. Wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a bá rí fún ẹnikẹ́ni títí iṣẹ́ fi parí, mo bá gbé e pamọ́ sínú. Nọ́ọ̀sì ni Yétúndé ìyàwó mi, ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọsibítù níbí kì í jẹ́ kéèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀. Bí mo bá ń wọlé ló ń jáde. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kí ara wa bí ayálégbé méjì. Ọbẹ̀ ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí ata bá pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti bí i nínú lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá bá panla níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbí o, wọ́n kún Bowie, wọ́n kún Lanham, ọjọ́ Àìkú a kún ṣọ́ọ̀ṣì fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n kí àlùfáà tó ṣe àmín tán, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Owó ń wọlé díẹ̀, ilé àti mọ́tò sì ń gbà á padà kó tó gbóná lápò. Ní òpópónà mi, mo mọ ajá àwọn aládùúgbò, mi ò mọ orúkọ wọn. Bó bá sú mi, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò Potomac, kò jìnnà sílé. N óò dúró níbẹ̀ nínú òtútù, n óò máa wo omi títí etí mi á fi kú.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí wọ́n ṣì fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó so wá mọ́ àwọn ará ojú omi, ọ̀rọ̀ tí a ti jọ fẹnu kò lé lórí nìkan la gbọ́dọ̀ sọ: gbé e sókè, sọ ọ́ kalẹ̀, dúró, ó ti tó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, òfin ni pé kí gbogbo ẹ̀rọ dúró, torí ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti wà nínú ewu. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n gba ibi tó ti ya wọ inú ọkọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, iná ẹ̀rọ mi tàn sí ẹnu ibẹ̀. Mo rí ilẹ̀kùn irin kan tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo rí kóòtù kan tó ṣì so kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu mi ló ṣe é, Màámi, èmi kọ́. Mo ní àgò o.

Lójú ẹsẹ̀, gbogbo nǹkan dúró. Kéréènì dúró, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ẹrẹ̀ dúró, àwọn ará ojú omi ń bèèrè ẹni tó fara pa. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, pè mí síta, ó ní kí ni mo wí yẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé níbi tí wọ́n bí mi sí, a kì í dédé já wọ ilé onílé. Bí èèyàn bá dé ẹnu ọ̀nà, á kọ́kọ́ tọrọ àyè, onílé á sì dá a lóhùn pé àgò yà. Ó ní ó yé òun. Ó wá bi mí pé ta ni mo rò pé ó máa dá mi lóhùn níbẹ̀. Bàtà mi ni mo ń wò. Ó bá mi wí dáadáa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún àwọn ará ojú omi pé bí wọ́n bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi, kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ. Ti Terrence tiẹ̀ le ju tèmi lọ. Bí a bá dé ẹnu yàrá kan tí mo gbàgbé, á yí kámẹ́rà kúrò níbẹ̀ títí n óò fi sọ ọ́.

Inú ibẹ̀ dà bí ilé, Màámi. Ife tíì wà lórí ìkọ́ rẹ̀. Bàtà wà lábẹ́ ibùsùn, ẹnu wọn dọ́gba, bí ẹ ṣe ń fi pàṣán kọ́ èmi àti Ṣẹ́gun pé kí a máa tò wọ́n. Mo rí òkú èèyàn pẹ̀lú. Mi ò ní sọ bó ṣe rí fún yín, torí ẹ ò ní lè gbé e kúrò lọ́kàn mọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ti fojú mi rí ohun tí omi ń ṣe sí ọmọ èèyàn, àti pé omi tiwọn tutù, ó ń tọ́jú nǹkan. Omi tiwa gbóná. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ibi táyà yẹn, mi ò lè wakọ̀. Mo fẹ́ pe ẹnìkan. Yétúndé wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo rí orúkọ yín lórí fóònù, mo wò ó títí, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé.

Ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ náà, mo rò pé n óò yọ̀. Àwọn okùn irin le gan-an, ẹrẹ̀ kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, omi ṣú dùdù lójú kámẹ́rà. Terrence di ojú, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ẹ̀mí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà ya kúrò lára ilẹ̀, ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Èmi yí iná ẹ̀rọ mi padà sísàlẹ̀, mo wo ibi tó kúrò. Kòtò gígùn kan ló kù, ẹja kékeré kan sì ti ń yọjú wò ó. Ṣẹ́gun ló sọ sí mi lọ́kàn.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí èbúté wọn, wọ́n yọ ìkòkò irin yẹn láìséwu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn òkú jáde. Ọ̀gá pè wá kí a wá wo ìsìnkú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ibi iṣẹ́. Àwọn ìyá dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n wọ dúdú, oníkálukú gbé ọwọ́ lé pósí ọmọ tirẹ̀. Ìyá kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé fìlà ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú pósí tirẹ̀. Mo bi ọ̀gá pé kí ló dé. Ó ní wọ́n wá ọmọ náà láti yàrá dé yàrá, wọ́n tilẹ̀ fi asẹ́ sẹ́ ẹrẹ̀ inú ọkọ̀, wọn ò rí i. Màámi, ọmọ yẹn wà nínú irin tí wọ́n pa dé. Wọ́n mọ ibùsùn tó ń sùn lé. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ náwó, ó kó ẹ̀rọ jọ, ó kó ọlọ́gbọ́n jọ, wọn ò rí i. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí wá Ṣẹ́gun, nínú òkun tí kò nílẹ̀kùn, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó bọ́ sí?

Èsì mi nìyí. Kò ní kan Ṣẹ́gun láéláé. Mi ò lè gbé e wá. Bí wọ́n bá fún mi ní gbogbo ẹ̀rọ tó wà láyé, mi ò lè gbé e wá.

Nígbà tí a wà ní kékeré tí ọmọ aládùúgbò kan sọnù lọ́jà, ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Láti ìgbà tí ọkọ̀ yẹn ti dojú dé lẹ ti sọ Ṣẹ́gun di ọmọ tó nù. Kò nù, Màámi. Ó kú. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ lè bínú sí mi débi pé ẹ ò ní gbé fóònù mi.

Èyí tó tún dùn mí jù lọ ni pé àwọn ìyá tí mo rí yẹn fọwọ́ kan pósí. Ní tiwa, bí mo bá tilẹ̀ gbé Ṣẹ́gun wálé lónìí, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ yọjú sí i. Bàbá Àgbà ló máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú yín wọ yàrá, torí ìyá kì í rí sàréè ọmọ. Èmi náà tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní jẹ́ kí n da yẹ̀pẹ̀. Ohun tí ẹ ń dúró dè láti ọjọ́ yìí, ká ní ó dé, kò ní dé ọwọ́ yín. Ọmọ ló ń sin bàbá. Tómi ló ni ín, a ò sì bi í rí. Àtìgbà tó ti lọ́gbọ́n lórí la ti ń sọ fún un pé bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò.

Mo bẹ̀ yín, ẹ kó aṣọ tí ẹ fọ̀ yẹn fún un. Kí àlùfáà ṣe ìsìn, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá wa, kí Tómi tẹ́ aṣọ náà síbẹ̀, kó sì da yẹ̀pẹ̀ lé e. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, mo ń bọ̀ nílé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wọ yàrá, èmi náà á wọ̀ ọ́, n óò jókòó tì yín títí wọ́n fi máa ti ibi sàréè dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe Bọ́lá, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé ó lè lọ. Bó bá jẹ́ èmi ló sọ ọ́, kò ní lọ. Ó fẹ́ràn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ tún rí irú rẹ̀ mọ́. Ojú yín á máa ríran, ẹsẹ̀ yín á máa gbé yín lọ sílé Olúwa, ẹ ó jókòó ti ọmọ Tómi, ẹ ó gbé e jó. Ẹ bá mi kí àlùfáà wa. Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó ń kó ẹja lọ́dọ̀ yín, ẹ sì sọ fún àwọn tó wà lójú fèrèsé pé ọ̀rọ̀ parí, kí wọ́n máa lọ sílé. Yétúndé ní kí n bá òun kúnlẹ̀ kí yín.

Ó ku ohun kan. Látọjọ́ tí omi ti gbé Ṣẹ́gun lọ lẹ ti ní kí n máa fi orúkọ àwa méjèèjì parí lẹ́tà tí mo bá kọ sí yín, kí tirẹ̀ má bàa bọ́. Mi ò jẹ́ kó bọ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ wá ibì kan jókòó kí ẹ tó ka ìlà tó kàn.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbénga.